Ilé Pákó Yang Wenhui ní Nanjing

Ní àárín gbùngbùn ìlú Nanjing, níbi tí àwọn ilé ìtajà gíga-gíga Xinjiekou ti ń tan iná mọ́jú, ọgbà kan wà ní òpópónà Huaihai tí ògiri yí ká. Àwọn ilé inú rẹ̀ kò ga. Àgbàlá wọn pa rọ́rọ́, igi ṣíji bò wọ́n, òrùlé wọn sì ní àwọ̀ eérú. Jinling Kejingchu ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà sára pákó, tí wọ́n ń fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an di ìwé. Ọdún 1866 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Pákó tó wà nínú yàrá ìkópamọ́ wọn lónìí tó 125,000, wọ́n sì tò wọ́n sórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè, ìwé kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Ẹ̀sìn Búdà ní Ṣáínà kò ṣaláìní ohun ńlá tí a lè fi yangàn. Ère Búdà tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní Leshan ní sẹ́ńtúrì kẹjọ ga tó mítà 71. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítòsí Wuxi ní 1997 ga tó mítà 88. Àìmọye arìnrìn-àjò ló ń wọ́ lọ wò wọ́n, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ẹ̀sìn yìí ti rí ẹ̀mí tuntun gbà ní Ṣáínà òde òní, ọgbà tí kò ga yìí ni mo máa tọ́ka sí. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe mọ́ńkì, tó ní aya, tó bímọ, tó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun tó run ohun gbogbo. Ohun tó fi dáhùn ìparun ni ìwé: ìwé tó péye, tó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè rà, tí kò sì sí lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọgbọ́n yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀sìn náà la àwọn ìjì tó tún jà lẹ́yìn náà kọjá.

Láti ìgbà tí ẹ̀sìn Búdà ti kúrò ní Íńdíà wọ Ṣáínà, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ìwé ló ń gbé e rìn. Mọ́ńkì Xuanzang rin aṣálẹ̀ àti òkè yìnyín já lọ sí Íńdíà ní sẹ́ńtúrì keje nítorí ìwé. Nígbà tó padà dé Chang'an ní 645, ó jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀ títí ó fi kú, iṣẹ́ 75 tí àpapọ̀ ìpín wọn jẹ́ 1,335 ni ó sì fi sílẹ̀. Ẹ̀sìn yìí kọ́ni pé iṣẹ́ rere ńlá ni kí ènìyàn ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ Búdà fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà fi yá sí iṣẹ́ ìtẹ̀wé nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìwé tí a fi pákó tẹ̀ tó ní ọjọ́ lára, tó sì pẹ́ jù lọ nínú gbogbo irú rẹ̀ tó ṣì kù láyé, ìwé Búdà ni. Ọdún 868 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i ní ihò àpáta Dunhuang, ó sì wà ní ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Láàárín 971 sí 983, ọba ìdílé Song mú kí wọ́n gbẹ́ àpapọ̀ gbogbo ìwé mímọ́ ẹ̀sìn náà sára pákó 130,000 ní Chengdu. Àwọn ìdílé ọba tó tẹ̀ lé e náà gbẹ́ tiwọn.

Ogun wá dé. Hong Xiuquan, ọmọ ilẹ̀ Guangdong tó ti ṣe ìdánwò ìjọba títí tí kò yege, gbà pé àbúrò Jésù ni òun, ó sì kó ogun jọ láti lé ọba kúrò lórí oyè. Ogun Taiping ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1850. Ní 1853, wọ́n gba Nanjing, wọ́n sì fi ṣe olú-ìlú ìjọba wọn. Lójú wọn, òrìṣà asán ni gbogbo ère, iná ló sì tọ́ sí ìwé tó ń gbé wọn lárugẹ. Gbogbo agbègbè ìsàlẹ̀ odò Yangzi, níbi tí ẹ̀sìn Búdà ti gbilẹ̀ jù lọ, di ahoro. Ilé ìṣọ́ alámọ̀ dídán tó wà ní tẹ́ńpìlì Bao'en, tí àwọn àlejò láti Yúróòpù kà mọ́ àwọn ìyanu ayé, wó lulẹ̀ ní 1856. Nígbà tí ọmọ ogun ọba gba Nanjing padà ní 1864, ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ẹ̀mí tó ti ṣòfò kò dín ní mílíọ̀nù 20. Mọ́ńkì ti túká. Tẹ́ńpìlì ti jó. Pákó ìtẹ̀wé tí àwọn baba ńlá gbẹ́ ti di ìdáná.

Nínú ahoro yìí ni Yang Wenhui ti jáde. Wọ́n bí i ní 1837 ní Shidai, ní ìpínlẹ̀ Anhui, sínú ìdílé ọ̀mọ̀wé. Bàbá rẹ̀ àti Zeng Guofan, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Taiping, jọ yege ìdánwò àgbà ìjọba lọ́dún kan náà ni. Ọ̀nà oyè ṣí sílẹ̀ fún ọmọ náà bí ó bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò kò wù ú. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí 1864. Lórí ibùsùn ni ó ti ń ka ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń ṣàlàyé bí ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀kọ́ Mahayana, ẹ̀ka ńlá kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ṣe ń jí nínú ọkàn ènìyàn. Ó kà á tán, ó tún un kà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dìde láti wá àwọn ìwé yòókù. Kò rí wọn. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé Búdà fún 1,000 ọdún, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ wọ ìlú, ó jáde ìlú, kò rí èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ rà.

Ní 1866, iṣẹ́ gbé e dé Nanjing. Ó wà lára àwọn tó ń bójú tó àtúnkọ́ ìlú náà. Lójúmọmọ, ògiri àti òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ìwé Búdà ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Wọ́n fẹnu kò pé ayé ti dé ìgbà tí òfin ẹ̀sìn ń rẹ̀yìn, pé ohun tó lè gba ènìyàn là ni kí ọ̀rọ̀ náà tún tàn kálẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n gba oníṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé tó ń sọ nípa Ilẹ̀ Mímọ́ Búdà Amitabha, èyí tí mẹ̀kúnnù fẹ́ràn jù, wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Ní Yangzhou, ní òdìkejì odò, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Miaokong dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lásìkò kan náà. Dípò kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn du oníbàárà, wọ́n jọ ṣe àdéhùn: ìwọ̀n ìwé kan náà, ìlà 10 lójú ewé, àmì ọ̀rọ̀ 20 nínú ìlà. Báyìí, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nanjing àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Yangzhou lè jókòó pọ̀ lórí pẹpẹ kan bí ọmọ ìyá. Iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára ilé kan lọ di iṣẹ́ tí ilé púpọ̀ lè pín ṣe.

Òfin ilé náà le, ó sì mọ́ gaara. Ohun mẹ́ta ni wọn kì í tẹ̀: ìwé tí a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òtítọ́ ni orísun rẹ̀, ìwé gbẹ̀fẹ́ tí kò ní ìjìnlẹ̀, àti ìwé tí àwọn abókùúsọ̀rọ̀ bá kọ. Yang ń fi ẹ̀dà wéra kó tó fọwọ́ sí èyí tí wọn yóò gbẹ́, ó sì ń fi àmì ìdánudúró sí i kí ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì lè kà á. Ní ìparí ìwé, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó dáwó, iye àmì ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ àti iye owó tó ná wọn. Mo fẹ́ràn ìṣirò gbangba yìí púpọ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tó fi owó kékeré sílẹ̀ ní orúkọ òbí rẹ̀ tó ti kú, ó sì fi hàn fún gbogbo ayé pé owó náà kò sọnù.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, torí pé bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà ayé Yang náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí. Igi péà igbó ni wọ́n ń lò. Ó le, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, kì í tètè ṣán, ọ̀bẹ sì lè gba ibikíbi lára rẹ̀ láì jẹ́ pé ìlà igi ń darí rẹ̀. Wọn a là á sí pákó, wọn a jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó má bàa ká. Akọ̀wé tó mọ ọwọ́ kọ yóò fi gègé onírun kọ ojú ewé náà sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọn a da ojú bébà náà dé pákó tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀ pa, wọn a sì rọra fi ìka ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí bébà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí àmì tàdáwà nìkan yóò kù lórí igi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò wá yí padà, bí ìgbà tí a bá gbé ìwé sí iwájú dígí.

Ìgbà yìí ni agbẹ́gi yóò jókòó tì í. Ọ̀bẹ kékeré kan tó tẹ̀ díẹ̀ ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gé ẹ̀gbẹ́ fínfín kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò fi irinṣẹ́ mìíràn kó igi tó wà láàárín wọn kúrò, títí tí àmì ọ̀rọ̀ yóò fi yọ sókè lójú pákó. Àmì ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan lè ní fínfín tó lé ní 20, tó sì jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, tí fínfín kan ṣẹ́, wọ́n ní láti gbẹ́ ibẹ̀ jáde, kí wọ́n kan igi tuntun sínú ihò náà, kí wọ́n sì tún un gbẹ́. Ojú méjèèjì pákó ni wọ́n ń lò. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi kánjú ṣe nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ iṣẹ́ sì ń lò kí ọ̀gá tó gbé ojú ewé tó ṣe pàtàkì lé e lọ́wọ́.

Ìtẹ̀wé ní ẹwà tirẹ̀. Atẹ̀wé yóò fi búrọ́ọ̀ṣì pa tàdáwà tí wọ́n fi èéfín dúdú ṣe sójú pákó, yóò tẹ́ bébà lé e, yóò sì fi irinṣẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi okùn ara ọ̀pẹ wé fà á kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo jù, tàdáwà yóò ràn. Bí ó bá fúyẹ́ jù, àmì yóò ṣá. Yóò ká bébà náà kúrò, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn yóò ṣẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan po ní àárín, tí ojú tó ní ọ̀rọ̀ yóò wà níta, wọn a to ewé jọ, wọn a gé etí rẹ̀ dọ́gba, wọn a fi èèpo ìwé bò ó, wọn a lu ihò, wọn a sì fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé tó bá jáde fúyẹ́ lọ́wọ́. A lè fi ọwọ́ kan gbé e, kí a máa fi ìkejì ṣí i. Bí òwú rẹ̀ bá já, ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò lè tún un rán. Pákó rẹ̀ náà kì í yára gbó: bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dà tí wọn yóò tẹ̀ lára rẹ̀ ní ìran mẹ́ta sí i yóò ṣì ṣeé kà.

Ogun nìkan kọ́ ló gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Àwọn kan wà tó ti sọnù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Taiping tó dé. Ní 1878, Yang tẹ̀ lé Zeng Jize, ọmọ Zeng Guofan, tí wọ́n yàn ṣe aṣojú Ṣáínà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pàdé Nanjo Bunyu, mọ́ńkì ọmọ Jàpáànù tó wà ní Oxford lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Max Müller, tó ń kọ́ èdè Sanskrit. Ẹ wo bí ayé ti rí: ará Ṣáínà àti ará Jàpáànù pàdé nílùú aláwọ̀ funfun, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ nítorí ìwé. Yang gbọ́ pé àwọn ìwé tí àwọn mọ́ńkì Jàpáànù ti wá dà kọ ní Ṣáínà láyé àtijọ́ ṣì wà ní tẹ́ńpìlì wọn. Láti ìgbà náà lọ, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró láàárín wọn. Nanjo ń wá, ó ń rà, ó ń fi ránṣẹ́, títí iye ìwé tó padà sílé fi sún mọ́ 300. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkójọ ńlá tiwọn ní Kyoto ní 1905, Yang fi ìwé tó ṣọ̀wọ́n ní Ṣáínà ránṣẹ́ sí wọn, gbèsè oore sì di sísan.

Ọ̀kan nínú àwọn tó padà bọ̀ yìí yí èrò àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà padà. Àlàyé tí Kuiji, ọmọ ẹ̀yìn Xuanzang, kọ lórí ẹ̀kọ́ Yogacara ni, ẹ̀kọ́ tó ń yẹ inú ènìyàn wò láti mọ bí èrò wa ti ń dá ayé tí a ń rí. Láìsí àlàyé náà, ẹ̀kọ́ yìí ti di àdìtú ní Ṣáínà. Ilé Yang tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1901. Ní àkókò kan náà, ọkàn àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ń dàrú. Jàpáànù ti ṣẹ́gun Ṣáínà lójú ogun ní 1895, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ọgbọ́n ìrònú Yúróòpù sì ń ya wọlé bí omi. Nínú ìwé Kuiji ni wọ́n ti rí i pé ìrònú tó jinlẹ̀, tó létòlétò, ti wà nínú ogún ẹ̀sìn tí wọ́n fẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Kí ìwé náà tó jáde pàápàá, Tan Sitong, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lára àwọn mẹ́fà tí wọ́n bẹ́ lórí ní Beijing ní oṣù Kẹsàn-án 1898 nítorí pé wọ́n fẹ́ tún ìlú ṣe, ti jókòó lẹ́sẹ̀ Yang ní Nanjing kí ó tó kú. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Zhang Taiyan àti Liang Qichao náà mu nínú omi yìí.

Ìyọnu mìíràn tún yọjú. Ní ọdún 1898 yẹn, Zhang Zhidong, gómìnà àgbà tó lókìkí, dábàá pé kí wọ́n gba méje nínú tẹ́ńpìlì mẹ́wàá kí wọ́n fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé. Láti ìgbà náà, kò sí tẹ́ńpìlì tí ilẹ̀ rẹ̀ dá a lójú mọ́. Yang kò bá ẹ̀kọ́ ìgbàlódé jà. Ó ti rí Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì, ó mọ ohun tí wọ́n ní, ó tilẹ̀ ra ẹ̀rọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bọ̀ láti ibẹ̀, ó sì tún tà lára wọn nígbà tí owó iṣẹ́ ìwé wọ́n. Ohun tó rí ni pé mọ́ńkì tí kò kàwé kò lè gbèjà ẹ̀sìn rẹ̀. Ní 1908 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìwé Búdà, ìwé Ṣáínà àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìrètí rẹ̀ sì ni pé lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ náà yóò gbé ẹ̀sìn Búdà padà sí Íńdíà. Ó ti pàdé Anagarika Dharmapala, ọmọ Sri Lanka tó ń lépa ohun kan náà, ní Shanghai. Owó kò tó, ilé ẹ̀kọ́ náà kò pé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Taixu kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ìpinnu tó dára jù lọ tí Yang ṣe, ti ilé rẹ̀ ni. Ní 1897, ó kọ́ ilé sí àdúgbò Yanling, níbi tí ọgbà náà wà títí di òní, ó kó gbogbo pákó síbẹ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ sì ń gbé láàárín wọn. Ní 1901, ó pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí ìwé pé ilé, ilẹ̀ àti pákó kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni mọ́: ti iṣẹ́ náà ni títí láé. Àwọn ọmọ gba gbèsè tó wà nílẹ̀ pín sọ́rùn ara wọn. Nínú ilé yìí ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yang Buwei, dàgbà sí. Ó di dókítà ìṣègùn, lára àwọn obìnrin Ṣáínà tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ó fẹ́ Zhao Yuanren onímọ̀ èdè, ó sì kọ ìwé oúnjẹ Ṣáínà tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1945. Bàbá bàbá rẹ̀ kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1911, ọjọ́ méjì péré kí ìbọn tó dún ní Wuchang, tí ìjọba ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ó ti sọ pé ibi tí pákó bá wà ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà di òní.

Ogun dé Nanjing kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Ouyang Jian, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1871, dúró ti pákó fún 40 ọjọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń du ìlú náà, kò sì sí èyí tó ṣègbé. Òun ló parí gbígbẹ́ ìwé ńlá Yogacara tó ní ìpín 100, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ gbẹ́ dé ìdajì. Ní 1922, ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Nanjing fún ìwádìí ẹ̀kọ́ Búdà, àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì sì ń kọ́ni níbẹ̀ láìtijú. Lọ́dún kan náà, Taixu dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Wuchang, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́ńkì pé ti alààyè ni ẹ̀sìn Búdà, kì í ṣe ti ìsìnkú nìkan. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ yìí ni mọ́ńkì Yinshun gbé dé Taiwan, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀ fi ń kọ́ ilé ìwòsàn, tí wọ́n fi ń ran ẹni tí omíyalé tàbí ilẹ̀ ríri bá. Ẹgbẹ́ Fo Guang Shan, tí mọ́ńkì Hsing Yun dá sílẹ̀ ní 1967, gbé e dé ilẹ̀ Áfíríkà wa pẹ̀lú: tẹ́ńpìlì Nan Hua wà ní Bronkhorstspruit ní orílẹ̀-èdè South Africa.

Nígbà tí ọmọ ogun Jàpáànù ń bọ̀ ní 1937, Ouyang kó ìwé lọ sí Jiangjin ní Sichuan, ó sì ń bá iṣẹ́ gbígbẹ́ lọ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1943. Nanjing jẹ ìyà tí ẹnu kò lè ròyìn tán lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Lẹ́yìn tí ìjọba Kọ́múnísì dé ní 1949, Zhao Puchu, aṣáájú kan láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láti tún ilé pákó náà ṣe. Wọ́n kó pákó láti àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn tó ti ń kú lọ káàkiri Ṣáínà wá síbẹ̀, ọgbà kan sì di ibi ààbò fún iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ní 1966, Ìyípadà Àṣà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé orúkọ Mao rìn ń wó ère, wọ́n ń sun ìwé. Ilẹ̀kùn ilé pákó tì, àwọn oníṣẹ́ túká, pákó dàrú mọ́ra.

Ní 1973, Yang Buwei àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti di arúgbó, ti Amẹ́ríkà wá sílé, olórí ìjọba Zhou Enlai sì gbà wọ́n lálejò. Ọmọ-ọmọ bèèrè ilé bàbá rẹ̀ àgbà. Àṣẹ jáde pé kí wọ́n dá ibẹ̀ padà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wá àwọn àgbà oníṣẹ́ tó ṣì kù, tí wọ́n ń to pákó, tí wọ́n ń wá èyí tó sọnù, tí wọ́n ń tún èyí tó jẹrà gbẹ́. Nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè tún fàyè gba ẹ̀sìn ní 1982, tí tẹ́ńpìlì ń ṣí káàkiri tí kò sì sí ìwé nínú wọn, ibì kan wà tí wọ́n ti lè rí i rà. Ní 2009, UNESCO fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé onípákó Ṣáínà sára ogún àṣà gbogbo àgbáyé. Nanjing wà lára àwọn ibi tó gbé iṣẹ́ náà dúró, pẹ̀lú Yangzhou, àti Dege níbi tí àwọn ará Tibet ti ń gbẹ́ ìwé tiwọn láti 1729.

Ẹ̀sìn Búdà ní Ṣáínà ti ní àwọn mọ́ńkì ńlá ní sẹ́ńtúrì tó kọjá. Xuyun tún tẹ́ńpìlì àtijọ́ kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kú ní 1959. Yinguang fi lẹ́tà kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Hongyi fi orin àti iṣẹ́ ọ̀nà sílẹ̀, ó di mọ́ńkì. Ìyìn yẹ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ni olúkúlùkù wọn fi dúró, ìwé náà kò sì ṣàdédé wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló ti jókòó wéra, ẹnì kan ló ti dáwó, ẹnì kan ló ti tẹ orí ba sórí igi péà láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí àmì ọ̀rọ̀ lè yọ.

Yang Wenhui kò parí ohun tó dáwọ́ lé. Ó ti kọ orúkọ ìwé 460 tó kà sí kókó ẹ̀sìn náà sílẹ̀, tí gbogbo wọn lé ní ìpín 3,000, ikú sì pa á kí wọ́n tó gbẹ́ tán. Ẹni tó bá ka ìyẹn sí ìkùnà kò mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó fi àkọsílẹ̀ ohun tó kù hàn, ó fi ìwọ̀n tí wọn yóò máa tẹ̀ lé lélẹ̀, ó fi ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè tà sílẹ̀, ó sì ti kọ́ àwọn tí yóò gba ọ̀bẹ. Ìjọba mélòó kan ló ti jẹ lórí Nanjing láti ọjọ́ tó kú, àwọn àjèjì sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn rí. Bí wọ́n ti ń dé tí wọ́n ń lọ, ọmọ iṣẹ́ tuntun mọ ibi tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé. Ènìyàn tó bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn láti máa bá lọ, mo gbà pé ó ti ṣe ohun tó tóbi jù lọ tí ẹ̀dá lè ṣe fún ìgbàgbọ́ rẹ̀.